Aṣọ́lé Tí Mo Fà Lé Àǹtí Lọ́wọ́

Ọjọ́ tí kóòṣì gbé orúkọ àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì wa ní sáà tuntun jáde, ọjọ́ Sunday ni, a sì ti jókòó sí ilé oúnjẹ àwọn ará Kerala kan ní Al Karama. Ẹ̀gbọ́n tí gbogbo wa ń pè ní Alága ló kọ́kọ́ rí i lórí fóònù rẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì, tíì inú ife mi sì dà sórí búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fà ya.

"Wọ́n ti gbé e jáde o! Yalla, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ má jẹ́ kí n máa pariwo bí ẹni tó ń ta gbàǹjo."

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí n ṣàlàyé irú èèyàn tí a jẹ́, nítorí ẹni tó bá gbọ́ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ń kóra jọ ní Dubai nítorí bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù Ìlú Ọba ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Kì í ṣe òun. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì kan ní Sharjah, ìlú tó bá Dubai pààlà, ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdúgbò Muwaileh, níbi tí èmi fúnra mi ti kàwé gboyè nípa iná mànàmáná. Ìhà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ìjókòó sí ní pápá wọn. Ọ̀fẹ́ ni à ń wọlé. Lọ́jọ́ mìíràn, àwa àti àwọn òbí díẹ̀ àti àwọn ológbò tó ń gbé abẹ́ ìjókòó nìkan ni òǹwòran.

Àǹtí ló fà wá débẹ̀. Iṣẹ́ irun ni Àǹtí ń ṣe ní Karama, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló sì kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì yẹn. Tí ìsìn bá ti parí, á máa rọ̀ wá pé kí a wá bá òun pariwo. Nígbà tí àbúrò náà kàwé tán tó gba Kánádà lọ, a rò pé ariwo ti parí. Àǹtí ní rárá o, òun ò lè fi àwọn ọmọ tó kù sílẹ̀, nítorí wọ́n ti mọ ohùn òun. Bí a ṣe di olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní ìbátan nínú rẹ̀ mọ́ nìyẹn. Mùsùlùmí ni Alága ní tirẹ̀, ọjà Naif ní Dubai ló sì ti ń kó ẹrù àwọn oníṣòwò ránṣẹ́ sí Èkó. Ó ní bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n fẹ́ fún òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní ti pápá yìí sàn, ó kéré tán, tí òun bá bú kóòṣì, kóòṣì á gbọ́.

Àṣà kan wà láàrin wa tí n kò mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń pín àwọn agbábọ́ọ̀lù, kí olúkúlùkù wa ní ọmọ tirẹ̀. Orúkọ ọmọ rẹ ni wàá máa pè láti orí ìjókòó. Tó bá gbá ìgbákúgbà, ojú rẹ ni wọ́n á ti bú u, ìwọ lo sì máa wí àwíjàre fún un. Lẹ́yìn eré, ì báà jẹ́ pé wọ́n borí, ì báà jẹ́ pé wọ́n pàdánù, ìwọ lo máa gbé laban, wàrà kíkan tútù tí wọ́n ń mu níbí, lọ bá a. Èèwọ̀ ni kí o bú ọmọ rẹ fúnra rẹ. Àwọn ọmọ náà mọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, èyí tí a kò bá rí ẹni mú nínú wọn á wá bi Àǹtí pé kí ni òun ṣe.

Ọmọ tèmi ni aṣọ́lé. Ọmọ Sudan ni, ó ga, kò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Bóyá ni mo fi ọdún kan jù ú lọ, síbẹ̀ "Baba" ló ń pè mí, láìrẹ́rìn-ín. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohun tí ìyẹn ń ṣe fún mi. Èmi tí n kò ní nǹkan kan tí mo lè pè ní tèmi nílùú yìí ju ibùsùn kan nínú yàrá tí àwa mẹ́fà jọ ń gbé, ẹnìkan ń wojú mi kí ó tó wọ pápá.

Alága bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ.

"Ọmọ Íjíbítì tó ń dúró láàrin ẹ̀yìn, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti gboyè. Khalas, ó parí."

"Ta ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀?" Àǹtí bi í.

"Ọmọ Jọ́dánì kan. Ẹ wo fọ́tò rẹ̀, Àǹtí. Ẹ wo ọrùn. Ọrùn bíi ti ìgò!"

"Ṣé ọrùn ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù?"

"Àárín ẹ̀yìn kẹ̀! Orí ló máa fi lé bọ́ọ̀lù jáde. Kí ló gbé orí dúró, ṣé ẹsẹ̀ ni?"

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín mi ò dé ikùn. Gbogbo ìgbà tí Alága bá ti sọ pé lágbájá ti gboyè, khalas, ńṣe ló dà bíi pé èmi ló ń bá wí. Mo ti gboyè. Físà akẹ́kọ̀ọ́ tí mo fi ń gbé ìlú yìí ti ń lọ sí òpin, n kò sì tíì rí iléeṣẹ́ tó máa ṣe òmíràn fún mi. Mo ti wá iṣẹ́ títí, gbogbo wọn ní àwọn á pè mí. Tí n kò bá ríṣẹ́ kí físà yẹn tó tán, ilé yá nìyẹn, eré àkọ́kọ́ sáà yìí ò sì ní bá mi níbí.

Kì í ṣe pé mo kórìíra ilé. Mo fẹ́ kí èyí yé ẹni tó bá ń ka ìwé yìí, nítorí àwọn kan máa ń rò pé ẹni tí kò fẹ́ padà sílé, ilé ló kọ̀. Ìyá mi wà nílé, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ara mi lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọmọ iléèwé ni mo jẹ́ nígbà tí mo wọ ìlú yìí, ẹni tó ti jẹ́ ọmọ iléèwé rí ni màá sì jẹ́ nígbà tí mo bá jáde, kò sí nǹkan mìíràn láàrin méjèèjì.

Òfin kan tún wà nínú àṣà wa. Lọ́dún tó kọjá, bùọ̀dá kan láàrin wa tí iṣẹ́ rẹ̀ parí lójijì padà sí Nàìjíríà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Òun ló ni ọmọ tó ń sáré létí pápá lápá ọ̀tún. Fún bí oṣù kan, tí ọmọ náà bá ti gba bọ́ọ̀lù, á kọ́kọ́ gbójú sókè wo ibi tí bùọ̀dá máa ń jókòó sí kó tó sáré. Àǹtí ò lè gbà á mọ́ra. Òun ló ṣòfin pé ẹni tó bá mọ̀ pé òun ń lọ, kó fa ọmọ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, àti pé ẹni tó bá gbà á, òun ló ni ín títí sáà á fi parí. Kò sí pé o tún padà wá gbà á.

Ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ara mi ni kò gbà.

"Ẹ̀yin àgbà," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

Alága gbé fóònù sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní kì í ṣe pé mo ti fẹ́ máa lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mo dúró pátápátá náà. Mo ní ọkàn mi ò gbà kí aṣọ́lé máa wojú sókè kó má rí mi. Mo ní mo mọ̀ pé ó lè jẹ́ àṣejù, mo sì tún mọ̀ pé tí mo bá dúró dìgbà tí mo mọ̀ dájú, ó lè ti pẹ́ jù. Mo sọ ọ́ báyìí, mo tún yí i padà, mo tún sọ ọ́.

"Dúró," Alága ní. "Ṣé ò ń lọ ni, àbí o ò lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, n kò tíì mọ̀ ni."

"O ò tíì mọ̀, o sì ti ń pín ogún?"

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán jàre," Àǹtí ní. "Tí kò bá sọ ọ́ tán, kò ní lè sùn."

Mo kọjú sí Àǹtí. "Ẹ̀yin ni mo fẹ́ fa aṣọ́lé lé lọ́wọ́, mà. Ẹ má pariwo sí i nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Tí wọ́n bá jẹ gólì sí i lára, ẹ má pe orúkọ rẹ̀, ojú á tì í. Ẹ kàn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti mọ ohun tó jẹ́. Laban rẹ̀, kò fẹ́ èyí tó ní iyọ̀. Tí ó bá sì ń tẹ ìka ọwọ́ òsì..."

"Ẹ gbà mí o!" Alága ti fẹ́ ṣubú lórí àga. "Bíi ìyá ìyàwó tó ń fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́! Àbí kí á wá ẹni tó máa sunkún?"

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì na ọ̀tún sí mi. "Mo gbà á. Ṣùgbọ́n o mọ òfin."

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

Nígbà tí mo ń padà sí Sharjah nínú bọ́ọ̀sì, inú mi bàjẹ́ ju bí mo ṣe lérò lọ. Mo rò pé tí mo bá ti ṣe ohun tó tọ́, ara á fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Tí n bá sọ òtítọ́, apá kan lára mi ti ń retí kí wọ́n ní rárá, kí Alága jágbe mọ́ mi pé níbo lò ń lọ. Wọ́n gbà. Ó yé mi pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi gbà, síbẹ̀ ó dùn mí.

Ọjọ́ kejì ni Alága fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá òun ní Naif. Kò sọ ìdí. Mo rò pé ó fẹ́ fún mi ní ẹrù tí màá bá a gbé lọ sílé, mo sì ti ń ro bí màá ṣe sọ fún un pé àpótí mi ti kún.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nínú kọ̀rọ̀ kan, láàrin àwọn tó ń ta fóònù àtàwọn tó ń ta aṣọ ọmọdé. Àpò ẹrù dé àjà. Ìró téèpù tí wọ́n fi ń di páálí ò dákẹ́. Alága jókòó sórí àpò kan, ó sì na fóònù sí mi.

"Tẹ̀ ẹ́. Gbọ́."

Ohùn àwọn oníbàárà ni, láti Èkó. Ẹrù mi dà? Alága, ẹrù mi dà? Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ẹ ti gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù mi ni? Èkejì ń gbóná ju èkínní lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì fi dá gbogbo wọn lóhùn: Ó ń bọ̀.

"Èmi ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀," Alága ní. "Àbí kí ni kí n sọ? Ọwọ́ mi ò dilẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Lánàá, o ṣàlàyé aṣọ́lé fún wa títí tíì fi di omi tútù. Inú bí mi, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé kò sí nǹkan tí mi ò mọ̀ nípa ọmọ yẹn mọ́. Àwọn oníbàárà mi, ta ló ń ṣàlàyé fún wọn? Dá ìyá yẹn lóhùn kí n rí ọ."

Ìyá náà ń ta aṣọ iléèwé. Ó fẹ́ kí ẹrù rẹ̀ dé kí àwọn ọmọ tó wọlé. Alága sọ fún mi ibi tí ẹrù náà wà àti ohun tó dá a dúró, mo sì tẹ fóònù, mo kí ìyá náà bó ṣe yẹ, mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ibi tí ọkọ̀ ojú omi dé. Mo sọ ohun tó fà á tí kò fi tíì gbéra níbẹ̀. Mo sọ ohun tí àwa gan-an ò tíì mọ̀, mo sì sọ ìdí tí a kò fi lè mọ̀ ọ́n. Mo ní mo mọ̀ pé tí èèyàn bá ń dúró de nǹkan láìmọ ìgbà tó máa dé, ọkàn á máa ro oríṣiríṣi, pé kì í ṣe ẹ̀bi wọn tí wọ́n bá jágbe. Nígbà tí mo fi máa parí, Alága ti di páálí kan tán.

Èsì ìyá náà ò pẹ́. "Ọlọ́run á bù kún ẹ, ọmọ mi. Ẹrù ò tíì dé o, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti balẹ̀. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìwọ ni mo fẹ́ kó máa dá mi lóhùn. Kí òun má dá mi lóhùn mọ́."

Alága wo fóònù, ó wò mí. "Ṣé o gbọ́? Ó ti gbà ọ́ síṣẹ́ kí n tó gbà ọ́."

Mo dúró láàrin àwọn àpò yẹn, n kò mọ ohun tí màá fi ojú mi ṣe. Mo fẹ́ dúpẹ́, mo tún fẹ́ bi í nípa físà, mo sì ń tijú láti bi í, nítorí ó lè rò pé nǹkan tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Òun ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní orúkọ iléeṣẹ́ òun ni wọ́n máa fi ṣe físà fún mi, ṣùgbọ́n bóyá ó máa jáde kí ti akẹ́kọ̀ọ́ tó tán, Ọlọ́run ló mọ̀. Ó tún ní, "Mo mọ̀ pé iná mànàmáná lo kọ́. Tí iná bá kú ní ṣọ́ọ̀bù, wàá tún un ṣe."

Àárín ìgbà yẹn gùn lójú mi. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n gba ìtẹ̀ka mi nítorí físà, mo sì ń retí. Àǹtí sọ orúkọ mi níwájú àwọn tó ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Alága ní gbogbo Jímọ̀ lòun ń fi mí sínú àdúà. Lọ́jọ́ Sunday, a ṣì ń jókòó sí ilé oúnjẹ yẹn, ọ̀rọ̀ ọmọ Jọ́dánì ọlọ́rùn ìgò ò sì tán. Alága ní kóòṣì máa kábàámọ̀. Àǹtí ní òun ti wò ó níbi ìdánrawò, pé ọmọ náà ń fò bí ewúrẹ́ orí àpáta. Wọ́n jiyàn lórí ẹni tó máa gba kọ́nà, wọ́n jiyàn lórí ẹni tó máa jẹ́ balógun ẹgbẹ́. Mo ń dá sí i, ṣùgbọ́n bí àlejò ni. N kò lọ́mọ níbẹ̀ mọ́.

Ìròyìn físà bá mi ní Naif, lọ́sàn-án, nígbà tí mo ń ṣàlàyé fún oníbàárà kan. Mo gbàgbé ohun tí mo ń sọ. Mo jókòó sórí páálí, omi sì ń bọ́ lójú mi.

"Dìde níbẹ̀," Alága ní. Ó ju aṣọ ìnujú rẹ̀ sí mi. "Má fi omi ojú rin ẹrù oníbàárà. Àlàyé wo la máa ṣe fún wọn?"

N kò tíì nu ojú mi tán tí mo fi pe Àǹtí. Ó pariwo ìyìn débi pé mo gbọ́ tí ẹni tó ń ṣe irun fún bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣe àmín. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá sọ ọ́ tìtìjú-tìtìjú pé, "Àǹtí, ọ̀rọ̀ aṣọ́lé ńkọ́, mà?"

"Aṣọ́lé ta ni?"

"Tèmi... tiyín, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Tèmi. Mo ti lọ kí i níbi ìdánrawò, ó ti ń pè mí ní Mama. Òfin ni òfin, ọmọ ìyá mi. Ta ló rán ẹ níṣẹ́ kó o máa kánjú?"

Mo wí àwíjàre, ó fi gbogbo rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù tí ẹnikẹ́ni ò mú, ọmọ Tajikistan kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó jẹ́ igbákejì ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn lápá òsì. Wọn ò mú un torí pé ahọ́n wa ò gba orúkọ rẹ̀. Alága ló fà á lé mi lọ́wọ́. "Orúkọ ẹ̀ gùn, àlàyé tìẹ náà gùn. Ẹ bára yín mu."

Eré àkọ́kọ́ bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ kan, lẹ́yìn ìrun Màgàríbì. Ooru ṣì ń jáde láti inú kọnkéré ìjókòó. Wọ́n jẹ gólì kan sí aṣọ́lé lára ní ìbẹ̀rẹ̀, n kò sì mọ̀gbà tí mo dìde. Àǹtí ti pàtẹ́wọ́ kí n tó gbé ọwọ́, lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Aṣọ́lé gbé ojú sókè, ó sì padà sáàrin igi. Ó dùn mí díẹ̀, mo sì dúpẹ́. N kò mọ bí nǹkan méjèèjì ṣe lè wà nínú èèyàn kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Ọmọ Jọ́dánì ló fi orí dá gólì náà padà, Àǹtí sì tẹjú mọ́ Alága títí Alága fi ní, "Ó dáa, ó dáa, mo ti rí ọrùn."

Ọ̀mì ni wọ́n ta. Ọmọ tèmi ò wọlé rárá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orí bẹ́ǹṣì ló wà. Mo pe orúkọ rẹ̀ bí mo ṣe lè pè é, mo sì mọ̀ pé n kò pè é re, torí pé ẹni tó jókòó tì í ló ń yíjú.

Nígbà tí eré parí, mo gbé laban lọ bá a. Àwọn tó kù ti lọ bọ́ bàtà wọn, òun ṣì jókòó níbẹ̀, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Òyìnbó tó gbọ́ kò pọ̀. Mo ṣàlàyé fún un ẹni tí mo jẹ́, mo ṣàlàyé àṣà wa, mo ní òun ni ọmọ mi ní sáà yìí, mo ní kó má bínú pé kò wọlé, pé mo mọ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá jókòó tó ń retí kí wọ́n pe òun. N kò mọ iye tó gbọ́ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ó fetí sí mi títí mo fi sọ tán, ó gba laban náà, ó fi shukran dúpẹ́. Ó wá ronú díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ó bi mí, "ṣé o máa wá?"

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí ní ìbéèrè nípa ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí n kò ní láti fi "bóyá" ṣáájú ìdáhùn rẹ̀.

"Màá wá," mo ní.

Ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì kí n lè jókòó.